Orúkọ Àfòpiná: Ìwákiri àti Ìdámọ̀ Ẹ̀yà Àfòpiná ní Ilẹ̀ Oko Àyíká Ẹnúgu

Àfòpiná ni orúkọ tí Yorùbá fún kòkòrò abìyẹ́ tó máa ń fò yí àtùpà ká lálẹ́ títí iná yóò fi jó o, ẹni tó bá sì tú orúkọ náà palẹ̀ yóò rí i pé odindi àlàyé ló wà nínú rẹ̀, nítorí ohun tó ń sọ ni pé kòkòrò yìí ń fò kí ó lè pa iná. Àwọn àgbà gbé òwe lé àlàyé yìí, wọ́n ní àfòpiná tó ní òun yóò pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Òwe náà dára fún ìkìlọ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò náà kò bá iná jà rárá. Ìwádìí tí Samuel Fabian àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2024 nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature Communications fi hàn, pẹ̀lú kámẹ́rà tó lè ya ohun tó yára ju ojú lọ, pé àwọn kòkòrò tó ń fò lóru máa ń kọ ẹ̀yìn wọn sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń wá, nítorí pé kí ènìyàn tó dá iná, ojú ọ̀run ló ń mọ́lẹ̀ ju ilẹ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ yẹn ni wọ́n sì fi ń mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Bí gílóòbù bá wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn a kọ ẹ̀yìn sí i bí ẹni pé òun ni ọ̀run, wọn a sì máa yí i ká láìrí ọ̀nà lọ. Orúkọ tí gbogbo ènìyàn ti gbà tipẹ́tipẹ́ lè tipa bẹ́ẹ̀ gbé àlàyé tí kò rí bẹ́ẹ̀ dání.

Nínú ilé, àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára. Nínú oko, orúkọ tí àgbẹ̀ bá pe kòkòrò ni yóò sọ oògùn tí yóò rà, ọjọ́ tí yóò fọ́n ọn, àti bóyá ó tilẹ̀ yẹ kí ó ra oògùn kankan. Èrò tí àròkọ yìí fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé ní ilẹ̀ oko bíi ti àyíká Ẹnúgu, iṣẹ́ fífún àfòpiná lórúkọ tó tọ́ kì í ṣe eré àwọn tó fẹ́ràn kòkòrò, bí kò ṣe apá kan iṣẹ́ àgbẹ̀ bí ìtúlẹ̀ àti ìroko ti jẹ́.

Ìlú Ẹnúgu wà ní ẹsẹ̀ òkè Udi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí òkè ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ní èdè Ìgbò (orúkọ tún rèé tí kò bá ohun tí ojú rí mu). Èédú tí wọ́n rí níbẹ̀ ní 1909 ló sọ ọ́ di ìlú ńlá, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pè é ní ìlú èédú tí wọ́n sì ń gbàgbé pé oko ló yí i ká. Àgbàdo, iṣu àti ẹ̀gẹ́ wà ní gbogbo ìhà. Òtili, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní fio-fio, jẹ́ oúnjẹ tí wọ́n fi ń yangàn. Ẹ̀pà-roro ni wọ́n fi ń se ọ́kpà tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń rà ní Ninth Mile. Ìrẹsì wà ní Adani ní Uzo-Uwani. Nsukka sì ní ata aláwọ̀ ìyeyè tó ń ta sánsán, èyí tí orúkọ ìlú náà ti di orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀dàn tó ti inú igbó jáde, èyí túmọ̀ sí pé igbó ló wà níbẹ̀ látijọ́ kí oko dídá àti iná sísun tó sọ ọ́ di koríko tí igi dúró káàkiri nínú rẹ̀, igbó sì ṣẹ́ kù lẹ́bàá odò àti nínú àfonífojì. Nítorí náà, àfòpiná igbó àti àfòpiná ọ̀dàn máa ń pàdé lórí oko kan náà, ìwọ̀n wọn sì ń yí padà bí òjò ṣe ń bẹ̀rẹ̀, tí ó ń dá díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, tí ó tún ń rọ̀ kí ọyẹ́ tó dé.

Àfòpiná àti labalábá jẹ́ ọmọ ìyá. Ọ̀wọ́ kan náà ni àwọn onímọ̀ kó wọn sí, wọ́n ń pè é ní Lepidoptera, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fa yọ láti èdè Gíríìkì tó túmọ̀ sí abìyẹ́ onípẹ́, nítorí pé ìpẹ́ wínníwínní ló bo ìyẹ́ wọn, òun ló sì máa ń bọ́ sí ọwọ́ ẹni bí ìyẹ̀fun. Ẹ̀yà tí ayé ti fún lórúkọ nínú ọ̀wọ́ yìí tó nǹkan bí 160,000, labalábá kò sì ju nǹkan bí 18,000 lọ nínú wọn. Àfòpiná ni gbogbo ìyókù. Ohun tí ẹ̀yà túmọ̀ sí níhìn-ín ni ìran ẹ̀dá tí akọ àti abo rẹ̀ lè bí ọmọ tí òun náà yóò lè bímọ, orúkọ Látìn alápá méjì sì ni wọ́n fi ń pe ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan káàkiri ayé, kí ọmọ Ìgbò, ọmọ Yorùbá àti ọmọ Bràsíìlì lè mọ̀ pé kòkòrò kan náà ni àwọn ń sọ. Ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lórí labalábá máa ń wú ní ṣóńṣó bí orí kùmọ̀, nígbà tí ti àfòpiná máa ń rí bí òwú tàbí bí ìyẹ́ adìyẹ. Òru ni ọ̀pọ̀ jù lọ àfòpiná ń jáde, ṣùgbọ́n àwọn kan ń fò lọ́sàn-án gangan nínú aṣọ aláràbarà, wọ́n sì ń tan ẹni tó bá fi àwọ̀ nìkan dájọ́.

Ìpele mẹ́rin ni ayé àfòpiná pín sí: ẹyin, ìdin, ìgbà ìsinmi, àti abìyẹ́. Ìdin ni kòkòrò tó ń fàyà fà tó sì ń jẹun lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Ní ìgbà ìsinmi, yóò dì bí èèpo èkùrọ́, kò ní jẹ, kò ní rìn, títí abìyẹ́ yóò fi yọ jáde. Ibi tí wàhálà ìdámọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí, nítorí ìdin ni àgbẹ̀ mọ̀, òun ló ń ba nǹkan jẹ́ lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni abìyẹ́ ni àwọn onímọ̀ ayé àtijọ́ fi abẹ́rẹ́ gún, òun ni wọ́n fún lórúkọ tí wọ́n sì kọ ìwé lé lórí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ló wà tí ìwé ṣàpèjúwe ìyẹ́ rẹ̀ láìsọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ, ọ̀pọ̀ ìdin ló sì wà lóko tí àgbẹ̀ mọ̀ bí ẹní mowó láìmọ ohun tí yóò dà. Ìwákiri tí kò bá so ìdin pọ̀ mọ́ abìyẹ́ rẹ̀ kò tíì ṣe ju ìdajì iṣẹ́ lọ.

Àpẹẹrẹ tó hàn gedegbe jù lọ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ti kòkòrò ajẹgbàdo tó wá láti Amẹ́ríkà, Spodoptera frugiperda. James Edward Smith, onímọ̀ ewéko ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló fún un lórúkọ ní 1797, ọ̀rọ̀ frugiperda sì túmọ̀ sí èso tó ṣòfò, tó fi hàn pé ní ti èyí, ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ wo ilé kí ó tó sọ ọ́. Ó lé ní igba ọdún tí kòkòrò yìí fi wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ìṣòro àwọn ará Amẹ́ríkà nìkan. Ní oṣù kìíní 2016, wọ́n ṣàkíyèsí ìdin tó ń run àgbàdo ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, tó fi mọ́ oko IITA, àjọ tó ń ṣe ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, ní Ìbàdàn àti Ìkẹ́nnẹ́, kò sì pẹ́ tí ìròyìn kan náà fi wá láti Benin, Tógò, àti São Tomé àti Príncipe. Georg Goergen, tó wà ní ibùdó IITA ní orílẹ̀-èdè Benin, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ara kòkòrò náà wé ti àwọn ìbátan rẹ̀, wọ́n sì tún wo DNA rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ àjogúnbá tó wà nínú ara ohun abẹ̀mí gbogbo, kí wọ́n tó kéde nínú ìwé ìròyìn PLoS ONE ní ọdún náà pé àlejò láti Amẹ́ríkà ló dé. Kí 2018 tó parí, ó ti tàn dé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó wà ní gúúsù Sàhárà.

Ohun tó yẹ kí ènìyàn dúró lé nínú ìtàn yìí ni bí ó ti rọrùn tó kí wọ́n má rí i. Àwọn ìbátan rẹ̀ ti wà nílẹ̀ yìí tipẹ́. Spodoptera exempta, tí ìdin rẹ̀ máa ń dúdú kirikiri tí wọ́n sì ń rìn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọmọ ogun, ti ń jẹ koríko àti ọkà ní Áfíríkà láti ìgbà láéláé. Spodoptera littoralis ń jẹ ewé òwú àti ewébẹ̀. Ẹni tó bá rí ìdin lórí àgbàdo ní 2016 kò ní ìdí láti rò pé àjèjì ni. Ohun tó fi í hàn ni àmì díẹ̀ tí ojú lásán lè rí bí ó bá mọ ibi tí yóò wò: lórí ìdin tó ti dàgbà, ìlà funfun kan wà níwájú orí tó rí bí lẹ́tà Y tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò; lórí oríkèé tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn, ààmì dúdú mẹ́rin dúró ní igun mẹ́rin bí ẹsẹ̀ tábìlì. Akọ abìyẹ́ ní àbàwọ́n funfun ní ṣóńṣó ìyẹ́ iwájú, ti abo sì ṣókùnkùn lásán, débi pé àwọn méjèèjì lè dàbí ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójú ẹni tí kò mọ̀.

Abo kan lè yé ẹyin tó ju 1,000 lọ láyé rẹ̀, ó máa ń yé wọn ní ìṣùpọ̀ ìṣùpọ̀, á sì fi irun ara rẹ̀ bò wọ́n. Nínú ooru bíi ti Ẹnúgu, láti ẹyin dé abìyẹ́ kò ju nǹkan bí oṣù kan lọ, abìyẹ́ náà sì lè rin ìrìn ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní òru kan bí afẹ́fẹ́ bá gbè é. Ìdin rẹ̀ ń wọ inú ihò ewé tuntun àgbàdo, yóò sì fi ìgbẹ́ ara rẹ̀, tó rí bí lẹ́búlẹ́bú pákó, dí ẹnu ihò náà bí ẹni tó ti ìlẹ̀kùn, tí oògùn tí wọ́n bá fọ́n lẹ́yìn náà kò fi ní kàn án. Ní 2017, CABI, àjọ tó ń rí sí ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣírò rẹ̀ pé bí wọn kò bá ṣe nǹkan kan sí i, àgbàdo tí kòkòrò yìí lè gbà lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè méjìlá péré ní Áfíríkà lọ́dún kan yóò wà láàrin mílíọ̀nù 8.3 sí mílíọ̀nù 20.6 tọ́ọ̀nù.

Àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ló wà nínú oko àgbàdo, ibí yìí sì ni orúkọ ti ń di owó. Àwọn àfòpiná kan wà tí ìdin wọn ń gbé inú pòròpórò: Busseola fusca, Sesamia calamistis àti Eldana saccharina. Àwọn àgbẹ̀ gúúsù-ìlà-oòrùn Nàìjíríà ti mọ̀ tipẹ́ pé àgbàdo ìgbà kejì, èyí tí wọ́n gbìn lẹ́yìn ìdáwọ́dúró òjò oṣù kẹjọ, máa ń jìyà lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdin Sesamia pupa rẹ́súrẹ́sú, kò ní àmì púpọ̀. Ti Busseola jọ ọ́ débi pé ẹni tó bá fẹ́ yà wọ́n gbọ́dọ̀ fi awò amúǹkantóbi wo ìwọ̀ wẹ́wẹ́ tó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ ikùn wọn. Ti Eldana ṣókùnkùn, ó sì máa ń jà pìtìpìtì, tí yóò máa fi ẹ̀yìn rìn bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Òmíràn tún wà, Mussidia nigrivenella, tó jẹ́ pé ọmọ àgbàdo gan-an ló ń wọ̀, àwọn olùwádìí ní Benin sì ti fi hàn pé ihò tó ń lu ń ṣí ọ̀nà fún èbu tó ń mú májèlé aflatoxin wá, èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́. Gbólóhùn kan náà ni àgbẹ̀ yóò fi ròyìn gbogbo wọn, pé kòkòrò ń jẹ àgbàdo òun, ìtọ́jú wọn kò sì papọ̀ rárá. Ti àlejò Amẹ́ríkà fẹ́ kí wọ́n tètè rí i nígbà tí ìdin ṣì kéré lórí ewé; ti inú pòròpórò fẹ́ kí wọ́n má fi igi àgbàdo ọdún tó kọjá sílẹ̀ nínú oko, oògùn tí wọ́n bá fọ́n sí i lẹ́yìn tó ti wọlé kò sì yàtọ̀ sí owó tí wọ́n dà sómi; ti Mussidia fẹ́ kí wọ́n má jẹ́ kí àgbàdo pẹ́ lóko lẹ́yìn tó gbó.

Ọ̀rọ̀ òtili àti ẹ̀wà tún jinlẹ̀ ju ti àgbàdo lọ. Maruca vitrata ni àfòpiná tó ń ba òdòdó àti pódi wọn jẹ́. Ìyẹ́ iwájú rẹ̀ pupa bíi kọfí, ó sì ní ojú fèrèsé funfun kan tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà kọjá, ìdin rẹ̀ sì ní ààmì dúdú méjì-méjì lẹ́yìn oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ìwádìí ní Benin fi hàn pé nígbà tí ẹ̀wà kò bá sí lóko, inú òdòdó igi àti ìtàkùn igbó ló máa ń fara pamọ́ sí, ọ̀kan nínú àwọn igi náà sì ni gbẹ̀ǹgbẹ̀, Pterocarpus santalinoides, tó máa ń hù lẹ́bàá odò. Igi yìí kan náà ni àwọn ará Ẹnúgu ń pè ní nturukpa, tí wọ́n sì ń fi ewé rẹ̀ se ọbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá Maruca nínú oko òtili nìkan yóò rò pé ó ń ti ọ̀run bọ̀ ní oṣù tí òdòdó bá yọ, nígbà tó jẹ́ pé lẹ́bàá odò, lórí igi tí gbogbo ilé ń já ewé rẹ̀, ló ti lo ẹ̀ẹ̀rùn. Ní 2019, Nàìjíríà fọwọ́ sí ẹ̀wà SAMPEA 20-T, èyí tí ilé ìwádìí IAR ní Samaru, Zaria, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀ ṣe àtúntò àjogúnbá rẹ̀ kí Maruca má lè jẹ ẹ́. Ó yẹ kí àgbẹ̀ mọ̀ pé Maruca ni ẹ̀wà náà ń bá jà, kò bá iná orí ewé tàbí kòkòrò inú ẹ̀wà gbígbẹ jà, àti pé ẹni tí kò bá mọ ọ̀tá rẹ̀ lórúkọ lè ra irúgbìn náà kí ó sì máa bú u lásán.

Báwo wá ni ìwákiri ṣe ń lọ? Ohun èlò àkọ́kọ́ ni tàkúté ìmọ́lẹ̀, èyí tí kò ju gílóòbù, aṣọ funfun tàbí garawa kan, àti páálí ẹyin tí wọ́n tò sí abẹ́ rẹ̀ kí kòkòrò tó bá já bọ́ lè rí ibi sá sí. Gílóòbù onímákúrì 125 wáàtì ló ń fà wọ́n jù, ṣùgbọ́n ó fẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ọ̀pá iná kékeré tó ń tan ìmọ́lẹ̀ tó sún mọ́ àwọ̀ elése àlùkò lè fi bátìrì ọkọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́jú, òun ló sì yẹ oko jù. Ibi tí wọn yóò gbé e sí kò gbọdọ̀ sún mọ́ iná òpópónà, nítorí iná kan yóò máa du àfòpiná mọ́ èkejì lọ́wọ́, nípa bẹ́ẹ̀ àìsí iná mànàmáná tó jẹ́ ìyà fún ará ìlú di oore fún ẹni tó ń kó àfòpiná jọ. Òṣùpá náà ń bá a du wọ́n: ní òru òṣùpá àrànmọ́jú, tàkúté lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń yan òru tí òṣùpá kò sí, òru mẹ́ta tẹ̀ léra nínú oṣù kan, fún oṣù méjìlá láìfo ọ̀kan. Ẹni tó bá ṣe é ní oṣù òjò nìkan yóò kọ ìwé nípa ìdajì ọdún. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni ó yẹ kí olùwákiri ti dé ìdí tàkúté, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹyẹ àti ọmọńlé yóò ti ṣe ìwákiri tiwọn. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá sì rọ̀, kí ó múra sílẹ̀ de èsúnsún, tí yóò kún garawa títí àfòpiná kò fi ní rí àyè.

Ibi tí tàkúté wà ṣe pàtàkì bí oṣù tó wà. Bí wọ́n bá gbé ọ̀kan sí etí ìlú lápá Nike, ọ̀kan sí orí òkè Udi, ọ̀kan sí oko àgbàdo nítòsí Nsukka, àti ọ̀kan sí oko ìrẹsì Adani, ìyàtọ̀ tó bá jẹ yọ láàrin wọn ni yóò sọ ohun tí oko ń ṣe fún kòkòrò àti ohun tí igbó ń ṣe. Síbẹ̀, ohun tí tàkúté bá mú kì í ṣe ìkànìyàn. Ẹ̀yà tó fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ ló ń pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀yà tí kò bìkítà fún ìmọ́lẹ̀ sì lè kún oko láìyọjú. Àǹfààní rẹ̀ wà nínú kí wọ́n fi oṣù kan wé oṣù mìíràn ní ojú kan náà fún ọdún pípẹ́, bí wọ́n ti ń ṣe ní ilé ìwádìí Rothamsted ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti nǹkan bí 1933.

Tàkúté kejì ń lo òórùn. Abo àfòpiná máa ń tú òórùn tí imú ènìyàn kò lè gbọ́ sínú afẹ́fẹ́ láti fi pe akọ, àwọn onímọ̀ sì ti ṣe àdàmọ̀dì òórùn yìí sínú rọ́bà kékeré tí wọ́n ń so sínú ike. Akọ nìkan ló ń mú, wọ́n sì máa ń rò pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ìrírí Tógò tako èrò yẹn: ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 rí i pé àwọn tàkúté tí wọ́n fi òórùn Spodoptera frugiperda sí ń mú ẹ̀yà mìíràn, Leucania loreyi, mọ́ ọn. Òṣìṣẹ́ tó bá kàn ka iye tó wà nínú ike láìwo ìyẹ́ wọn yóò kéde ogun níbi tí ogun kò sí. Èyí ló mú kí ìdámọ̀ jẹ́ dandan, àní nígbà tí ẹ̀rọ bá dà bí ẹni pé ó ti ṣe é.

Ọ̀nà kẹta ni èyí tó kéré jù lójú, òun ló sì ṣe iyebíye jù: kí wọ́n mú ìdin láti oko, kí wọ́n sì bọ́ ọ títí yóò fi di abìyẹ́. Ìgò tó mọ́, ewé tútù láti orí irúgbìn tí wọ́n ti mú un, iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀ nítorí pé inú ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń sinmi sí, àti aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu ìgò, ó tó. Ẹyọ kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi sínú ìgò kan, nítorí ìdin Spodoptera frugiperda ń jẹ ara wọn. Nígbà mìíràn, dípò àfòpiná, agbọ́n kíún ni yóò yọ láti inú rẹ̀, èyí kì í sì í ṣe òfò, nítorí pé ó fi ọ̀tá kòkòrò náà hàn; bákan náà ni ti ẹyin, wọ́n kéde ní 2019 pé agbọ́n Telenomus remus, tó ń yé sínú ẹyin ajẹgbàdo yìí, ti wà ní Benin, Niger, Côte d'Ivoire, Kẹ́ńyà àti Gúúsù Áfíríkà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ kó o wá.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mú àfòpiná, wọn yóò fi abẹ́rẹ́ gún un láàyà, wọn yóò tẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ sórí pákó títí yóò fi gbẹ, wọn yóò sì kọ pélébé ìwé sí abẹ́rẹ́ náà: ibi tí wọ́n ti mú un, ọjọ́, irú tàkúté, irúgbìn tó ń jẹ, àti ẹni tó mú un. Kòkòrò tó rẹwà jù lọ tí kò ní ìwé yìí, ìdọ̀tí ni. Fún ẹ̀yà tí ìyẹ́ wọn jọra, wọn yóò se ìdí ikùn rẹ̀ nínú omi pọ́táṣì títí ẹran yóò fi yọ́, kí wọ́n lè wo egungun ojú ara rẹ̀, nítorí pé bí kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo ni ti akọ àti abo ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ṣe máa ń bá ara mu. Ibi tí èyí náà bá kọsẹ̀ sí ni DNA ti ń wọlé. Paul Hebert ti Yunifásítì Guelph ní Kánádà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dábàá ní 2003 pé kí wọ́n máa fi abala kan péré, tó gùn ní nǹkan bí lẹ́tà 650, dá ẹranko mọ̀ bí wọ́n ti ń fi ìlà dúdú ara páálí dá ọjà mọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó nílò kí ẹnì kan ti kọ́kọ́ fi orúkọ tó tọ́ sí ara DNA tí wọn yóò fi wé e. DNA tí kò rí ojúlùmọ̀ dàbí àjèjì tó wọ ìlú láìrí ẹni tó mọ baba rẹ̀.

Ìṣòro ojúlùmọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ẹyọ-àpẹẹrẹ, ìyẹn kòkòrò gan-an tí wọ́n wò nígbà tí wọ́n ń fún ẹ̀yà kan lórúkọ, tí gbogbo àríyànjiyàn ọjọ́ iwájú gbọ́dọ̀ padà sí, wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Párísì tàbí Berlin fún ọ̀pọ̀ àfòpiná ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn àkójọ tó sún mọ́ ilé ni ti IAR ní Samaru àti ti IITA ní Abomey-Calavi. Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka, tí wọ́n ṣí ní 1960, wà láàrin oko tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an, ó ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹranko àti ti irúgbìn, kò sì sí ibi tó yẹ kí àkójọ àfòpiná oko ìlà-oòrùn gbilẹ̀ sí jù ú lọ.

Yóò jẹ́ àṣìṣe bí òǹkàwé bá rò látinú gbogbo èyí pé ọ̀tá ni àfòpiná. Yorùbá gan-an kò gbọdọ̀ rò bẹ́ẹ̀, nítorí pé ara àfòpiná ni sányán, àgbà aṣọ òkè, ti wá. Ìdin Anaphe máa ń kóra jọ hun ilé òwú kan ṣoṣo sórí igi, ilé yìí ni àwọn obìnrin sì ń sè nínú omi eérú kí wọ́n tó ran òwú rẹ̀. Ìdin Cirina forda, kànní, tó ń jẹ ewé igi emì, jẹ́ ẹran inú ọbẹ̀ tó ṣe é tà lọ́jà. Àmọ́ níbí náà, ìyàtọ̀ láàrin ẹ̀yà méjì lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàrin oúnjẹ àti àìsàn: ní 1993, Bola Adamolekun tẹ̀ ẹ́ jáde nínú The Lancet pé ìdin Anaphe venata tí wọ́n ń jẹ ló wà nídìí àrùn kan tó máa ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbọ̀n kí wọ́n sì máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ ní ìgbà òjò ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e rí i pé ohun kan wà nínú ìdin náà tó ń ba fítámì B1 jẹ́, ewu náà sì ń pọ̀ fún ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò dára tẹ́lẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń bẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ Ẹnúgu, àti lọ́wọ́ àgbẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, kò le. Ẹni tó bá rí ìdin nínú ihò ewé àgbàdo rẹ̀ ní àárọ̀, kí ó wo orí rẹ̀ kí ó tó tẹ̀ ẹ́ pa, kí ó sì fi ọ̀kan sínú ìgò pẹ̀lú ewé, kí ó kọ ọjọ́ àti orúkọ oko sí ara ìgò náà, kí ó gbé e lọ fún òṣìṣẹ́ agbaninímọ̀ràn iṣẹ́ àgbẹ̀ tó sún mọ́ ọn. Kí òṣìṣẹ́ náà má dá ìgò padà láìsọ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀.